Àgbàdo Tí Kòkòrò Kò Jẹ

Òórùn ilé ìkẹ́rù yẹn kò tíì kúrò nímú mi: eruku, àpò ìdọ̀họ àtijọ́, àti nǹkan kan tó dà bí oògùn ẹ̀fọn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí láàárọ̀ Sátidé kan nígbà tí bàbá òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù irúgbìn náà bi mí pé àpò àgbàdo kan dà. Mo ní mo ti gbé e lọ sílé.

"Kí lo fi ṣe?"

"A jẹ ẹ́, sà."

Ó di àga mú. "Ẹ jẹ ẹ́? Májèlé ló wà lára ẹ̀!"

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Iṣẹ́ gáàdì ni mò ń ṣe ní ìlú Camp Springs ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ní Sátidé mo máa ń lọ bá bàbá yìí palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ lọ́nà Clinton, torí ó ti darúgbó, ó sì fẹ́ tì í pa. Bàbá tó bí i ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, nígbà tí wọ́n ń fi irúgbìn ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìwé ọjà wọn ṣì wà lórí pẹpẹ, pẹ̀lú àwòrán tòmátì tó tóbi bí orí ọmọ. Ó ní kí n kó àwọn àpò tó wà nínú ilé ìkẹ́rù ẹ̀yìn pátápátá jáde fún ọkọ̀ akólẹ̀.

Nínú wọn ni mo ti rí àgbàdo funfun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pupa fẹ́ẹ́rẹ́ pa lára. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ kòkòrò kan kò dá ihò sí i. Ní abúlé wa, irúgbìn kì í ṣe nǹkan ọ̀tọ̀. Àgbàdo tí a so kọ́ sókè ààrò ni a ń gbìn, èyí tó bá ṣẹ́kù la ń jẹ. Mo ní àgbàdo gidi nìyí. Mo fẹ́ bi bàbá náà léèrè bóyá ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mi ò fẹ́ kó rò pé ọmọ Áfíríkà ń ṣa oúnjẹ lórí ààtàn.

Ìyàwó mi lóyún oṣù márùn-ún nígbà náà, ògì sì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Nígbà tó rí omi àkọ́kọ́ tó fi ṣan àgbàdo náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ wá wò ó! Àgbàdo Amẹ́ríkà náà ń kun pọ́dà!" Ó fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ó ń rùn, kò sì fẹnu kàn án. Èmi àti ìyá rẹ̀ mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá náà ṣàlàyé. Látijọ́, irúgbìn máa ń jẹrà nínú ilẹ̀ kó tó hù, àwọn àgbẹ̀ á sì kọ lẹ́tà èébú sí bàbá rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn oníṣòwò irúgbìn máa fi oògùn tó ní mẹ́kúrì, májèlé líle kan, pa á lára. Ìjọba ti fòfin dè é tipẹ́, òun sì ti gbàgbé pé ó kù síbẹ̀ títí di àárọ̀ yẹn. Àwọ̀ pupa yẹn, ìkìlọ̀ ni. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀," ló ń tún sọ. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wa, ó sì bá oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Mo bi í pé kí la máa lò. Ó ní òun kò fẹ́ fún aboyún ní oògùn kankan, ká máa wò ó. Ṣé o mọ ohun tí "ká máa wò ó" ń fojú èèyàn rí? Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ikùn ìyàwó mi bí ẹni tó ń wo ilé rẹ̀ tó ń jó, tí kò sì sí omi nítòsí. Pásítọ̀ gbàdúrà, mo ṣe àmín, ẹ̀rù kò lọ. Ìyàwó mi kò bú mi, kò sunkún níwájú mi.

Ọmọkùnrin la bí, ara rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀, dókítà ní ọpọlọ ni oògùn náà máa ń bà jẹ́, àfi tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ ká tó mọ̀. A ń gbé e lọ lóṣooṣù. Nílé, mo máa ń yọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn. Nígbà tó pẹ́ kó tó jókòó, mo ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ lọ́jọ́ tá a lọ kẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀, ó rìn lọ bá dókítà, ó já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní, "No!" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó pa fáìlì dé. "Ó ti tán. Kò sóhun tó ṣe ọmọ yín."

Níbi tá a gbé ọkọ̀ sí, mo na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó mi. Ó gbà á, òun ló wa ọkọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

"Ẹ bá ti bi bàbá yẹn léèrè," ló wí, jẹ́jẹ́.

Kò sọ ọ́ rí tẹ́lẹ̀, kò sì tún un sọ mọ́ títí di òní. Ojú tó tì mí fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nǹkan bí ọdún méjì ni ìyàwó mi fi gbé ẹrù rẹ̀.