Ẹ̀pà Tí A Pa Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fún mi ní ọwọ́ méjì tí ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí ó sì dá ẹ̀mí mi sí di òní. Àánú rẹ̀ ni mo rí tí mo fi ní ìtàn láti sọ.

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn 1980, wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Àwọn ọmọdé tí ìka wọn kò tètè gbọ́ràn ni mò ń tọ́jú: èyí tí kò lè de bọ́tìnnì, èyí tí ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò lè fi ìka méjì ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Amọ̀, ìlẹ̀kẹ̀, òwú àti ìgò ni irinṣẹ́ mi. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bá ń kọjá, wọn a ní, "Sísítà, ẹ kú eré o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà sí yàrá tí mo háyà, tí n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà a máa dùn mí. N kò ní ará kankan ní ìlú yẹn. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ eruku wọlé láti inú ọ̀dàn, èmi nìkan ni mò ń gbá a. Bí mo bá gbàdúrà tán, èmi náà ni mò ń ṣe àmín.

Ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá mi láti Àgọ́-Àmọ̀dù. Ọmọbìnrin náà yóò tó ọmọ ọdún méje. Olùkọ́ rẹ̀ ti dá a padà sílé. Ó ní bí ṣọ́ọ̀kì kò bá lè dúró lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní sáà tuntun, kí wọ́n kúkú máa mú un lọ sóko. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ń fẹ́ ni pé kí ọmọ náà padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Mo yẹ ọwọ́ ọmọ náà wò. Kò rọ, ṣùgbọ́n kò lágbára, àtànpàkò kò sì mọ bí a ti ń pàdé ìka tí ó tẹ̀ lé e. Mo bu ẹ̀pà eléèpo sínú igbá kan, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa pa á díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ ọjà.

Wọ́n padà wá lóòótọ́. Ẹ̀pà kún igbá dẹ́nu, wọ́n ti fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, kò sí èyí tí ó fọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo rí i pé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ni ó wà. Mo wá béèrè bí ọmọ náà ti ṣe é.

"Ọmọ wo?" ni ìyá àgbà wí. "Sísítà, ẹ bẹ̀ wá níṣẹ́, kí n wá gbé iṣẹ́ yín lé aláìsàn lọ́wọ́? Èmi ni mo pa á. Mo sì bu tèmi sí i, torí a kì í dá igbá padà lófìfo."

Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀pà pípa yẹn gan-an ni oògùn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé n kò rí ẹni tí yóò bá mi pa á ni. Ó wá wò mí lójú, ó rọra sọ pé, "Àbí ẹ ní?"

Mo fa igbá náà mọ́ra.

Mo bi í bóyá ọmọ náà kì í bá wọn pa ẹ̀pà nílé. Ó ní ní agbo ilé wọn, ẹnìkan kì í dá ẹ̀pà pa. Tọmọdé tàgbà ní ń yí òkìtì rẹ̀ ká. Ọmọ náà jókòó tì wọ́n rí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé, "Ìgbín, o kú ìrìn." Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ó ń lọ jókòó sí.

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, títí ọlidé fi parí, a máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò, àwa mẹ́ta a sì yí igbá ká. Ọmọ náà ń pa tirẹ̀. Ẹ̀pà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á. Ìyá àgbà a ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, kí wọ́n má baà sáré ràn án lọ́wọ́. "Ọkọ mi, rọra," ni ó máa ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kan, èèpo kan là pàà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Ó wò ó títí. Ó mú hóró ẹ̀pà náà, ó nà án sí mi. Mo jẹ ẹ́. Kí ọlidé tó parí, ó fa ìlà kan gbọọrọ sórí síléètì mi, ṣọ́ọ̀kì kò sì bọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé ìwọlé, mo tẹ́ ẹní bí ìṣe mi, n kò rí wọn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kan yà, ó ní ìyá àgbà ní kí wọ́n sọ fún mi pé olùkọ́ ti gba ọmọ, ó ti ń kọ̀wé. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo ti ń tọrọ nìyẹn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n wá mọ́. Mo jókòó díẹ̀ sí i, kí n tó ká ẹní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kí ó fún àwọn ọmọ yín ní ẹni tí yóò ní sùúrù fún wọn, kí ẹ̀yin náà má sì ṣàìrí ẹni tí yóò bá yín ṣe àmín.