Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Ògì

Òórùn ògì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́. Màámi á ti jókòó ti asẹ́ lẹ́yìnkùlé, òórùn omi ògì tó kan á sì gba gbogbo àgbàlá. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, bàámi á ti ki àyọ́n bọ iná, èéfín lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ á máa bọ̀ wá pàdé òórùn ògì lójú ọ̀nà. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ta kókó, ilé ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Iṣẹ́ tó ta kókó jù lọ tí mo rí lọ́wọ́ wọn kì í ṣe rédíò. Ohùn bàbá wọn ni. Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ni Bàbá àgbà ń gbé, ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Bọ̀dá Mùfú, àbúrò bàámi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà, ló gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún wa. Irú fáìlì tó fi tọ́jú rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, tí ẹni tó bá wù lè tú wò kó sì tún ṣe. Lẹ́tà mẹ́ta ló parí orúkọ rẹ̀: o, g, àti g. Ta ni yóò rí i nílé wa tí kò ní kà á ní ògì?

Nígbà tí Bàbá àgbà kú, kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Mùfú ti bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti lọ sìnrú ìlú lókè Ọya. Káàdì kékeré kan ṣoṣo tí ohùn náà wà nínú rẹ̀ ló kù. Ìyá àgbà kì í ríran dáadáa mọ́, ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí ló wà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ti kan fáìlì ògì, á fò ó kọjá. Wọ́n fi káàdì àti ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí wa l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n sì pe bàámi lórí fóònù. "Àjàní, mi ò bèèrè nǹkan mìíràn. Kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó pé ogójì ọjọ́. Kó sì jẹ́ nǹkan tí mo lè tẹ̀ fúnra mi."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà nílé ìwé, kò sì sí ohun tí mo rò pé n kò mọ̀. Mo ti rí i pé gbogbo orin tí ẹ̀rọ ń gbà, mp3 ló parí orúkọ wọn. Màámi sì máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Ni mo bá mú káàdì lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé wa, mo pa ògì rẹ́, mo kọ mp3 sí i. Mo délé, mo ń yan. Bàámi ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ fò ó kọjá mọ́, ńṣe ló kú fin-ín. Mo rò pé mo ti pa Bàbá àgbà lẹ́ẹ̀kejì. Mo sunkún títí mo fi ń ṣe òsúkè.

Bàámi kò pariwo mọ́ mi. "A lè pe ewúrẹ́ ní ẹṣin títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbé ẹnikẹ́ni dé Ìsẹ́yìn. Lọ dá orúkọ ọmọ padà fún un." Wọ́n ti pe Bọ̀dá Mùfú, wọ́n sì fi asẹ́ màámi ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n sẹ́ ohùn náà bí ògì, wọ́n yọ èèrí rẹ̀ kúrò kó má baà gba àyè púpọ̀, ẹ̀rọ tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ro irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè gbé e kaná. Ẹnìkan ti ní òun lè sọ ọ́ di irú fáìlì mìíràn. Bàámi kọ̀, wọ́n ní ohun tó bá bá èèrí lọ kì í padà, àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n sẹ́ bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọkọ̀ lọ sí Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, bàámi sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní Takie. "Ẹ kú ọjà o. Ṣé eléyìí ń gba ògì?"

"Bàbá, ẹ̀rọ là ń tà níbí. Ẹlẹ́kọ wà lódìkejì títì."

Bàámi bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́, wọ́n dúró, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Ìsọ̀ kan, ìsọ̀ méjì, oòrùn kan àtàrí. Èyí tí páálí rẹ̀ sọ pé òun ń gbà á kò gbà á. Méjì jọra bí ìbejì, ọ̀kan dáhùn díẹ̀, èkejì kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ń bínú, àmọ́ bàámi kò kánjú. Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá kan fa ẹ̀rọ kékeré kan tí eruku ti bò yọ láti abẹ́ tábìlì. "Ẹ gbìyànjú eléyìí wò. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ." Bàámi tẹ̀ ẹ́, Bàbá àgbà sì wúkọ́. Bàámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀ onísọ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ogójì ọjọ́ pé. Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Bàbá wúkọ́, wọ́n bèèrè bóyá ó ti ń gbà á, wọ́n dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní: "Àṣàkẹ́ dà?"

"Èmi rèé, sà." Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹnikẹ́ni kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní "Àmín," wọ́n sì tún un tẹ̀.

Iṣẹ́ bàámi ni mò ń ṣe lónìí, àfi pé kọ̀ǹpútà ni ìwé tèmi. Èmi àti àwọn kan jọ ń dán ẹ̀rọ wò, a ń kọ èyí tó ń gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ àti èyí tí kò gbà á síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ohùn, mo mọ ohun tó bá èèrí lọ. Fáìlì Bàbá àgbà ni mo sì fi ń dán gbogbo ẹ̀rọ tuntun wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki í bọ fóònù tuntun kan níṣojú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gbà á geere. "Àṣàkẹ́ dà?" Mo wojú wọn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà á, mo sì yọ káàdì náà kúrò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí bàbá ẹni bá peni, à á jẹ́ ni. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ti kọjá Takie, kí n tó lè sọ ọ́: "Èmi rèé, sà."

Oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ibí lẹ ti fẹ́ sọ̀ ni, mà?"