Oṣù Mẹ́rin Tí Mo Fi Yadi

Ọjọ́ tí ogun wọ àdúgbò wa ní Monrovia, omi ni mo lọ pọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Mo ti gbé garawa mi sábẹ́ ẹ̀rọ, mo ń dúró kó kún, nígbà tí mo gbọ́ ohun kan lókèèrè bí ẹni pé wọ́n ń fi igi lu páànù. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi gbé orí sókè. Ó ju garawa tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sáré. Èmi gbé tèmi, torí pé mo ti tò fún omi yẹn láti àárọ̀. Mo rántí pé inú ń bí mi bí omi ṣe ń dà sí mi lára lójú ọ̀nà. Ayé mi àtijọ́ ń parí lọ, aṣọ tó tutù ni mò ń rò.

Bàbá mi ń ta páàtì mọ́tò lẹ́bàá ọjà. Màmá mi ti mú àbúrò mi, ìyẹn ìyá tìrẹ Dámilọ́lá tí mò ń kọ ìwé yìí sí, lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ sin ìyá tiwọn. Èmi àti bàbá mi nìkan ló kù. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kó ohun tó bá ṣeé kó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má lọ."

Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀. Lọ pààrọ̀ aṣọ, òtútù á mú ẹ."

Títí dòní, a ò rí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n gbà.

Ìwọ lo ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lo mú ìwé rẹ tuntun wá bá mi ní fúláàtì mi ní Peckham, nílùú London. Ìtàn ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin lo máa ń kọ, mo mọ̀, mo sì ń fi yangàn, bí ìyá rẹ tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ. Nínú ìwé tuntun yìí, obìnrin kan jẹ́ kọmánda ọlọ́tẹ̀. Ó mú ọmọbìnrin kan lẹ́rú, ó tì í mọ́ yàrá, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó kù. Ọmọbìnrin náà sì wá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

O ní, "Aunty, ohun tí àwọn tó ń ka ìwé mi fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹnì kan ní gbogbo power, ìkejì ò ní nǹkan kan. Be honest, ṣé ó dà bí òótọ́?"

Mo ní ó dára gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé, mo ti wẹ̀ fún àgbàlagbà mẹ́ta, ẹ̀yìn ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa fún ọ. O mọ ìtàn kọ, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Mo ka ìwé náà nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane títí mo fi kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn ló mú mi kọjá.

Ní Monrovia, ilé tó kángun sí tiwa ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sídì ń gbé. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà. Ọmọ Làìbéríà ni ìyá rẹ̀, ó sì ti kú. Sídì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ó gbọ́ Òyìnbó tí wọ́n ń sọ ní Làìbéríà, ó sì gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. A ti ń fẹ́ra wa fún bí oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Á ní kí n wá, òun fẹ́ wọ̀n mí. Á fa téèpù yí mi láyà, á fà á yí mi nídìí, á máa pe nọ́ńbà sókè kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí aṣọ kankan tó fẹ́ rán. A máa ń rẹ́rìn-ín débi pé omi á bọ́ lójú wa. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín rí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bàbá mi ò dé, mo fo ògiri lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́tẹ̀ dé. Nàìjíríà ti kó sójà wá bá wọn jà, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń wá láti ilé dé ilé. Bàbá Sídì ní kí àwa méjèèjì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láti ibẹ̀ la ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò lù ú. Wọ́n kàn ní kó kí àwọn. Ó kí wọn. Gbólóhùn méjì péré ni, ahọ́n rẹ̀ sì tú àṣírí rẹ̀. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ jáde.

Sídì ti fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó mú un kúrò. Kò sunkún. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Láti òní lọ, odi ni ẹ́. O gbọ́? Èmi ni màá máa sọ̀rọ̀."

Mo mi orí pé mo gbọ́.

Oṣù mẹ́rin la fi rìn, tá a fi sá, tá a fi sápamọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní òrùlé, àwa àti ọ̀pọ̀ èèyàn míì. Ebi tí mo mọ̀ níbẹ̀, mi ò lè fi wé àwẹ̀. Ìrẹsì kọ́kọ́ tán. A jẹ ewé ẹ̀gẹ́ títí ewé tán lára igi. A jẹ funfun inú orí ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ kan mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ gbígbó ajá mọ́ nílùú, mi ò sì béèrè ìdí rẹ̀. Mi ò lè béèrè ohunkóhun, odi ni mí. Etí wà níbi gbogbo. Kódà tó bá ku èmi àti Sídì nìkan, ìdákẹ́ mi ti mọ́ wa lára débi pé mi ò gbìyànjú mọ́.

Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ta okùn dí ọ̀nà, ohun kan náà ni.

"Ta nìyí?"

"Àbúrò mi ni. Odi ni. Kò lè sọ̀rọ̀."

Wọ́n á wò mí. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ gún mi léjìká díẹ̀, bóyá màá ké. Mi ò ké. Sídì wo ojú rẹ̀ gan-an, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Wọ́n sọ okùn sílẹ̀ fún wa. Ó gba ẹ̀mí mi là lọ́jọ́ yẹn, àti lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Tí mo bá sọ ohun tó kù, má gbàgbé èyí.

Òun ló ń sọ ìgbà tá a máa rìn. Òun ló ń pín oúnjẹ. Òun ló mọ ẹni tá a lè gbà gbọ́ àti ẹni tí a ò lè gbà gbọ́. Tó bá nawọ́ sí mi lábẹ́ aṣọ tá a jọ bora, màá sún mọ́ ọn. Àwọn ìgbà kan wà tí mo fẹ́. Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé egungun ń ro mí, tí mo fẹ́ kí ara mi jẹ́ tèmi nìkan fún wákàtí kan. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Báwo ni odi ṣe ń sọ pé ó tó? Òun náà ò béèrè. Mi ò rò pé ìkà ni. Mo rò pé ó ti gbàgbé pé èmi lè sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá àgbà kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ó fẹ́ràn mi. Ó máa ń fi ẹ̀gẹ́ sísun lé mi lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ júwe fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn kan ń lọ sí èbúté, pé ọkọ̀ ojú omi ń kó èèyàn níbẹ̀, pé kí n tẹ̀ lé àwọn. Mo fa Sídì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ̀rọ̀ sí i létí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní, "Jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn. Tó ò bá lọ, èmi fẹ́ lọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìwọ fẹ́ lọ? Pẹ̀lú ẹnu wo? Gbólóhùn kan péré ni ẹ̀mí ẹ, Múnírá. Ẹnu mi ló wà."

Ó di ọ̀la kó tó bẹ̀ mí. Ó sunkún, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní ebi ló ń sọ̀rọ̀. Mo dárí jì í. Kí ni mi ò bá tún ṣe? A sì tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ sí èbúté.

Okùn kan ṣoṣo ló kù láàárín àwa àti èbúté. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ti darúgbó díẹ̀, ó ń jẹ ọsàn. Ó ní, "Ta nìyí?"

Sídì dákẹ́.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọkùnrin náà bó awẹ́ ọsàn kan, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó tu hóró rẹ̀. Sídì ò tíì dáhùn. Kò wò mí. Nígbà tó yá ló ní, "Àbúrò mi ni. Odi ni."

Ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, torí pé ó rẹ gbogbo wa. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí n mọ ohun tí mo jẹ́ láìsí òun. Mi ò bi í. Mo ti ní ẹnu nígbà tá a dé èbúté, mi ò sì bi í.

Ní èbúté, ọ̀rọ̀ yí padà. Sójà ilé wa ló wà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn. Èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ Yorùbá. Mo la ẹnu, ohùn tó jáde há bí ti arúgbó. Mo ní, "Múnírátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí." Ó kọ ọ́. Ó wá wo Sídì. Sídì gbìyànjú láti sọ Yorùbá, ó kó ọ̀rọ̀ pọ̀, ahọ́n ìyá rẹ̀ ló jáde.

Sójà náà ní, "Ará ibí nìyí. Kó bọ́ sẹ́yìn."

Mi ò dánu dúró rárá. Mo ní, "Àbúrò mi ni. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ tèmi."

Sídì wò mí nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n ní àbúrò. Sójà náà kọ ọ́.

Nínú ọkọ̀, orúkọ ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ. Búrẹ́dì kan àti agolo sadíìnì kan ni fún ẹni méjì, orúkọ mi ló wà lókè, èmi ni wọ́n gbé e fún. Mo jókòó. Mo bu tèmi, mo jẹ ẹ́. Mo jẹun díẹ̀díẹ̀. Tirẹ̀ wà lórí itan mi. Ó ń wo ọwọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó ń wò ó, mo sì jẹ́ kó máa wò ó. Nígbà tí mo jẹun tán tí mo nu ẹnu, mo fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé." Ẹ ló wí. Sídì, tó jù mí lọ lọ́dún mẹ́ta.

Mo ní láti sọ eléyìí fún ọ, Dámilọ́lá, torí pé nínú ìwé rẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lágbára, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí kò ní. Oúnjẹ yẹn dùn. Kì í ṣe sadíìnì nìkan ló dùn nínú rẹ̀.

A dé Apápá ní ọ̀sán. Àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ àwọn ẹbí wọn. Ẹnì kan láti Ọ̀fà dá Sídì mọ̀ lójú, ó ní bàbá rẹ̀ ló jọ, ó sì fà á lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ìyẹn náà ló kẹ́yìn.

Ìsẹ́yìn dákẹ́ débi pé mi ò lè sùn. Màmá mi á béèrè ohun tí ojú mi rí, màá ní a dúpẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti gbọ́n, kì í sọ̀rọ̀ jù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo wá sí ìlú yìí. O mọ Aunty Yvonne, tá a jọ gbé fún ọdún mẹ́wàá. Ìwọ nìkan nínú ẹbí lo béèrè ẹni tó jẹ́ sí mi. Yvonne máa ń bi mí pé, "Kí lo fẹ́ jẹ lónìí?" Màá ní ohunkóhun tó bá wù ú. Á bi mí pé ibo lo fẹ́ ká lọ, ṣé o fẹ́ kí n pa iná, ṣé inú ń bí ẹ. Mo ń gbà fún un ní gbogbo ìgbà, mo rò pé ìfẹ́ ni. Ní ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Brixton, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú òun ní gbogbo ọdún yẹn.

Má ya ìwé rẹ. Mi ò sọ pé kó o ya á. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé tí ọmọ yẹn ti sọ fún kọmánda pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá náà ṣì wà ní títì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà ka ibẹ̀, mò ń wá ibi tí o ti ṣí i.

Nígbà tí mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, o ní, "Aunty, where is she now? Ẹ jẹ́ ká wá a, màá bá yín wá a online." Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ orúkọ agbo ilé wọn ní Ọ̀fà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fún mi ní nọ́ńbà, ó wà nínú fóònù mi. Mo ti ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì tún pa á dé.

Tí mo bá pe Sídì, tí mo ní kó wá, ó máa wá. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sì ní mọ̀ láéláé bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wá.