Bí Mo Ṣe Di Ọ̀gá Lórí Àwọn Ọkọ Mi

Dàhòmè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, ìjọba tuntun sì fẹ́ gbin igi tíkì sí ẹ̀bá ọ̀nà Kpankú. Wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ Faransé tí yóò ṣe sẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá, fún àwọn tí yóò máa bomi rin àwọn ọmọ igi náà. Ní abúlé ọkọ mi, èmi nìkan ni mo kàwé débi tí mo gbàwé-ẹ̀rí. Bí wọ́n ṣe fi obìnrin ṣe sẹ́ẹ̀fù nìyẹn o, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi gba òṣìṣẹ́. Ó wù mí kí n ṣa àwọn géńdé káàkiri abúlé, ṣùgbọ́n bàbá ọkọ mi bi mí pé ṣé iná ti kú nínú ilé òun ni, tí mo fi fẹ́ lọ fọn iná níta. Mo gbọ́ èdè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹni tí mo gbà pátá, ọmọ agbo ilé wa ni.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ìjọba ni pé láràárọ̀, kí sẹ́ẹ̀fù fun fèrè, kó sì pe kálukú lórúkọ. Lapẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàwó ilé kì í pe ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ rẹ̀ kó tó dé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ìyá ọkọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tòun ti pákò lẹ́nu, ó ń retí orúkọ tí màá gbójú láti pè. Bí mo bá pè é, mo di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí n ò bá pè é, mo di aláìníṣẹ́. Mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Fèrè náà dùn mọ́ mi lọ́rùn ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Ni mo bá ṣe bí ìyàwó ilé ti ń ṣe, mo fún wọn lórúkọ àpọ́nlé. Èyí tó dúdú di Adúmáadán, èyí tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó. Ó wá ku àbúrò ọkọ mi kan, tó fẹ́ràn oorun bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyọ̀. Ìgbà tí oòrùn mú ló yọjú. Inú bí mi, mo pè é ní Ajílóko. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò fi í sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi kí i létí kànga. Bó bá yán lọ́sàn-án, wọn á béèrè bóyá ara Ajílóko ò yá ni. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, òun ló ń dé ọgbà ṣáájú mi. Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun dín orúkọ náà kù díẹ̀, nítorí ó ń jí ṣáájú àkùkọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ; n ò mọ̀ pé ó ń ro onírùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan ti Àjàṣẹ́ wá wò wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Dírẹ́bà rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tó gbọ́ lapẹ́ẹ̀lì mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ìjọba ò mọ Eyínfúnjowó, kí n pe orúkọ inú ìwé tàbí kí n gbé fèrè sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọkọ mi ni wọ́n, n ò lè dárúkọ wọn. Ó bi mí pé ṣé gbogbo wọn. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó bọ́ fèrè lọ́rùn mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Wọ́n ń fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dáhùn, "Purẹzáǹ," pé àwọn wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan àbúrò ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin tó gbé garawa omi dání níwájú.

Ọ̀gá bi í pé, "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, ọ̀gá," ó ní. "Ẹni yẹn wà nílé, ó ń sùn. Ọ̀lẹ ni, kò lè ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ni Ajílóko."

Ìyá ọkọ mi pàápàá, tó tún wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, rẹ́rìn-ín títí pákò fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá gé ètè jẹ, ó wo àwọn ọmọ igi, kò sí ọ̀kan tó rọ. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi fèrè kọ́ mi lọ́rùn padà, ó ní kí n máa pè wọ́n bí mo ṣe ń pè wọ́n.

Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ti sùn lọ, ó ń hanrun. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ ọn. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó sì rọra kan gíláàsì.

"Ajíwakọ̀," ó ní, "ó yá, ká máa lọ."