Mo Wà Lórí Ìkúnlẹ̀ Mà

Lórí fóònù, kò sí obìnrin tó mọ ìkúnlẹ̀ jù mí lọ ní gbogbo Mowé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ mà." Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀yìn mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí wà lábẹ́ orúnkún mi, fáànù sì ń fẹ́ sí mi látẹsẹ̀ dórí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Ifọ̀, á dáhùn pé, "Dìde, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́." Màá wá dákẹ́ díẹ̀, kó lè dà bíi pé mò ń dìde lóòótọ́. Nígbà míì mo tún máa ń mí hẹ̀ẹ̀. Ìyẹn ò ní irọ́ nínú, torí yíyí ẹ̀gbẹ́ padà lásán ti tó gba èémí lẹ́nu mi.

Ẹ má bú mi. Ta ni kì í ṣe é? Ẹni tí kò bá tíì dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù rí nínú yín, kó bọ́ síwájú ká rí i.

Wàhálà tèmi ni pé èmi kọ́ ló yẹ kí orúnkún máa dùn. Tíṣà eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Fèrè ló ń wà lọ́rùn mi níbi tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ọmọ tó bá ní inú ń run òun kó má baà sáré, èmi ni mo máa ń lé e yí pápá ká. "Inú kí ni? Gbé ẹsẹ̀ yẹn!" Lónìí, tí mo bá ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí títì márosẹ̀ kọjá, tí mo di irin mú, tí mò ń gbé ẹsẹ̀ bíi pé mo yá wọn ni, ẹ̀rù máa ń bà mí kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn má lọ rí mi. Ọ̀kan ti rí mi ná. Ó ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n, ó gbé báàgì kọ́rùn, ó ń sáré lọ wọ mọ́tò Èkó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí afárá, ó sì dìde wàrà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ìdìde yẹn dùn mí wọra ju kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Gbogbo oríkèé ara mi ló ní ìtàn tirẹ̀. Orúnkún òsì, ọjọ́ tí ilé ìwé wa ń ṣe ìdíje eré sísá ni. Wọ́n ní kí àwọn tíṣà náà wá sáré, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù ń rìn gbẹ̀fẹ́. Èmi bọ́ bàtà. Mo gba ipò kìíní, láti ibẹ̀ wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, Ìbafò ni. Mo bẹ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí kò tíì dúró, kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́, gọ́tà ló sì gbà mí. Èjìká ní tirẹ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ju irin roboto. Irin lọ, apá mi fẹ́ bá a lọ. Nígbà yẹn, òrí àti omi gbígbóná ló ń parí gbogbo ẹ̀. Èmi rò pé ó ti parí náà ni. Àṣé ṣe ni wọ́n lọ jókòó síbì kan, tí wọ́n ń dúró kí n di àgbà kí wọ́n lè jọ wá kí mi.

Dókítà ní kí n yé kúnlẹ̀, kí n sì máa fi ọ̀pá rìn. Ọ̀pá kẹ̀? Ọ̀pá tí èmi mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fò kọjá. Mo ra ọ̀kan, kí wọ́n má baà ní mo ya olórí kunkun, mo sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó máa bá mi ṣọ́lé.

Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dé Ifọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ìkúnlẹ̀ aláàbọ̀. Tí ọmọ kan bá kàn tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ tó o fẹ́ ṣà?" Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ó sì tó bẹ́ẹ̀. Òun ló pọ̀n mí, torí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọge nígbà tí ìyá wa bí mi. Télọ̀ ni, aṣọ ilé ìwé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bàbá wa ní ọmọbìnrin òun ò ní wọ ṣòkòtò péńpé níta gbangba. Ẹ̀gbọ́n mi fi ègé aṣọ kakí rán ọ̀kan fún mi, ó gbé e dání, ó sì lọ kúnlẹ̀ fún bàbá. Bàbá ní kó dìde, kò dìde. Ó tún ní kó dìde, kò dìde. Nílé tiwa, ẹni tí wọ́n bá ní kó dìde tí kò dìde, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí bàbá tó ní, "Ó dáa, kó máa sáré lọ."

Irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró gbagidi níwájú rẹ̀ kí n ní orúnkún ń dùn mí? Èmi tí òun fúnra rẹ̀ torí eré mi kúnlẹ̀ fún bàbá? Mo wá ń fi oúnjẹ rán ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Arepo sí i, èmi sì ń kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí aládùúgbò rẹ̀ fi pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nínú balùwẹ̀. Orí omi tó dà sílẹ̀ ló nà sí kí wọ́n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Eegun kankan ò kán, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dá gbé ilé yẹn. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá máa bá mi gbé. Ilé mi ò ní àtẹ̀gùn, balùwẹ̀ mi kì í sì í yọ̀. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, yàrá wà níbẹ̀ lófìfo. Ó ní, "Èmi ni kí n wá máa jẹun àbúrò? Mo ti ń yọ ẹ́ lẹ́nu nìyẹn." Mo ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó mà." Ó ní ojú òun ti fọ́ díẹ̀, òun ò rí òkèèrè mọ́. Ó sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti di ojú, orí omi yẹn ni mo ń rí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìpè tó ń bọ̀, ti òkú ni yóò jẹ́.

Mo múra, ó di Ifọ̀. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn ni orúnkún mi mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí.

Mo bá a lẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Egbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná. Ó dá máṣíìnì dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀. Kò sí fóònù láàárín wa mọ́.

Mo di ẹsẹ̀ àga kan mú, mo gbàdúrà kúkúrú, mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Wọ́n dún pọ́! bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná.

"Ẹ kúulé mà."

"Dìde, ọmọ ìyá mi. Ojú ẹ rèé."

Mo fẹ́ dìde. Orúnkún òsì ní òun ò lọ síbì kan. Mo fi apá ti ara mi sókè, èjìká ní kí n má da òun láàmú. Mo padà sílẹ̀.

"Mo ní dìde."

Kí ni kí n sọ? Pé tíṣà eré ìdárayá ò lè dìde nílẹ̀? Ojú tì mí débi pé mo tẹrí ba.

Ẹ̀gbọ́n mi mú òwú kúrò lẹ́nu. "Ṣé ọ̀rọ̀ Mowé yẹn náà ni? O ò ní dìde àfi tí mo bá gbà?"

Ọlọ́run rí mi, mi ò dáhùn. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ti ìrora ni èyí tó kọ́kọ́ bọ́. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo tún rí egbò yẹn, ni mo bá bú sẹ́kún gidi.

Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi tó di ẹsẹ̀ àga mú pinpin.

"Ó dáa. Mo gbà, màá bá ẹ lọ. Ṣùgbọ́n máṣíìnì mi ń bá wa lọ o." Ó wá dìde, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí tó ń fi jókòó sún mọ́ mi. "Gbé ọwọ́ lé e. Rọra. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ gbé."

Báyìí, máṣíìnì ti gba ibi tí tẹlifíṣọ̀n mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó fi rí ọ̀pá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú un, ó fà á lé mi lọ́wọ́, kò sì bi mí léèrè nǹkan kan. Ó ní kí n má kúnlẹ̀ kí òun láàárọ̀ mọ́, pé ariwo egungun mi kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ìkíni. Nírọ̀lẹ́ a máa ń jọ jókòó síwájú ilé, a gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí bẹ́ǹṣì kan, òórùn òrí á sì lé gbogbo ẹ̀fọn lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mi pè láti Arepo, ó bi mí bí mo ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi mú wálé. Mo lọ sí kíṣìnì, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ń yangàn. Mo ní orúnkún mi ló há, ẹ̀gbọ́n mi rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí àrùn yìí máa ṣe mí lóore nìyẹn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Bí mo ṣe pa fóònù, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láti pálọ̀, kò tiẹ̀ dá máṣíìnì dúró.

"Ẹ̀bẹ̀ wo? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́? Mo mọ ohùn ẹ nígbà tó o bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tó o bá wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ tó o ti ń kúnlẹ̀ lórí fóònù ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ ti bàjẹ́. Mi ò kàn mọ̀ pé ó ti le tó yẹn."

Mo jáde sí i. Ó ń ran aṣọ rẹ̀ lọ.

"Mo ní mi ò fẹ́ wá jókòó tì ẹ́ kó o máa tọ́jú mi. Mo wá rí ẹ nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, bí èyí bá ṣubú nínú ilé tó dá wà yẹn, ta ni yóò gbé e?"

Omi tún ti gba ojú mi. Mo ju ọ̀pá sórí àga, mo di etí tábìlì mú, mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún méjèèjì, bó ṣe yẹ.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pariwo. "Má dán an wò! Apá mi ò ká ẹ mọ́!"