Bí Lóyún, Dí Pọnmọ

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí wa lówùúrọ̀ ní àdúgbò Old Market, nítorí etí odò Ọya ni ìyá wa ti ń yan án. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi Bọ́lá gbé òórùn náà wọ kíláàsì. Tíṣà ní kó ka "Bádé dé." Ó kà á ní "Dábé bé." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì máa pè é ní Dábé. Nígbà tó kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní olùkọ́ rere ni. Mo wà níbi ìsìnkú náà. N kò ṣe àmín.

Opó kan ládùúgbò tó ti ṣe tíṣà rí, tí a ń pè ní Màmá Tíṣà, ló ní kí Bọ́lá máa wá kàwé lọ́dọ̀ òun lọ́sàn-án. Yóò da iyanrìn odò sórí àtẹ, Bọ́lá yóò máa fi ìka kọ lẹ́tà b àti d sí i, obìnrin náà á ní: "Bí lóyún, dí pọnmọ. Ikùn bí wà níwájú, ọmọ dí wà lẹ́yìn." Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ìyá wa, tí kò mọ̀wé rárá, a máa wí pé, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Èmi ni mo ń mú un lọ, ojú sì ń tì mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n Dábé, ṣé ìwọ náà ò tíì mọ bí ni?" Lọ́jọ́ tí ibà dá Bọ́lá dúró sílé, èmi nìkan ni mo lọ sọ fún Màmá Tíṣà pé ìyá wa fẹ́ kí Bọ́lá máa bá òun yan ẹja lọ́sàn-án. Mo padà délé, mo ní Màmá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ Bọ́lá ti sú òun. Bọ́lá gbọ́ ọ lórí ẹní. Kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri.

Mo di olùkọ́, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí Bọ́lá nílé rẹ̀ ní Ganaja. Ó gbé páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wá pé kí n bá òun kà á. Kí n tó fi awò sójú, ó ti fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kan.

"Èyí lóyún," ó ní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ọ̀rọ̀ mi ò sú Màmá Tíṣà ni, ǹ bá ka ìyókù."

Mo kà á fún un: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Mo tún un kà.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹni tó parọ́ yẹn. Mo lè dárí jì í. Arúgbó tó jókòó ti Bọ́lá ní Ganaja, tó mọ òótọ́, tó sì tún dákẹ́, òun ni n kò rí ohun tí mo fẹ́ fi gbèjà rẹ̀.