Ìbéèrè Tó Wúwo Lẹ́nu Mi

Mo rántí ìgbà tí ọkùnrin kan ń dágbére fún ayé níwájú mi, tí èmi sì ń fi téèpù wọn àyà ara mi. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó. Bàbá onílé wa ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Festac ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àgbójù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá kó kóòtù méjì, ṣòkòtò mẹ́ta àti agbádá kan tó dùn ún wò wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gé gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀n ara mi, pé àwọn fi ta mí lọ́rẹ.

Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ yẹ kó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìwé ìwọ̀n mi wà níbẹ̀. Íńṣì méjìdínlógójì ni ìbàdí Bàbá nígbà tí ìyàwó wọn wà láyé. Lọ́dún tí ìyàwó kú, ó di mẹ́rìndínlógójì. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, wọ́n ti lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì wọn, mo sì rí ihò náà. Ohun tí mo rò ni pé ó kúkú dáa kí àgbàlagbà fọn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru á dín kù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà pé wọ́n á pẹ́ fún wa. Wọn ò ṣe àmín. Mo ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ti wọ ọ̀kan nínú kóòtù náà, mò ń yí síwá yí sẹ́yìn níwájú dígí bí ọkọ ìyàwó. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

“Bàbá Ìbejì, ẹ ti di lọ́yà o.”

“Jẹ́ n gbádùn ara mi jàre.”

“Ẹ gbádùn. Àmọ́ kí ni Bàbá máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?”

Mo ní wọ́n á ní òmíràn. Ó ní òun lòun ń bá wọn fọṣọ, òun mọ ohun tó kù nínú wọ́dúróòbù wọn, kò sí òmíràn. Ó tún ní lánàá, Bàbá pe òun, wọ́n kó gbogbo ìkòkò ìyàwó wọn fún òun, wọ́n ní àwọn ò ní nílò wọn mọ́. A wo ara wa. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pọ̀ ọ́ jáde.

“Ẹ lọ bi wọ́n,” ó ní.

“Kí n bi wọ́n ní kí ni?”

“Ohun tí ẹ ń rò yẹn.”

“Ṣé ẹnu mi ni ibi á ti jáde? Tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ gbé e sí wọn lọ́kàn ńkọ́?”

Ẹnu ọ̀nà wa sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná Bàbá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó gbà mí tó ààbọ̀ wákàtí. Mo kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá táńkì omi ń jò. Mo gbá ewé tí ẹnikẹ́ni ò rán mi láti gbá. Ó burú débi pé mò ń bẹ Ọlọ́run kí Bàbá ti jáde, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé wọn ò jáde lọ ibì kankan láti àná. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ tún lọ ka iye èèrà tó wà lára ògiri!”

Mo kan ilẹ̀kùn. Kò sí ohùn. Mo tún kàn án. Àyà mi ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n tẹ̀ láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ìró sálúbàtà tó ń wọ́ bọ̀.

Bàbá ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí láti ọrùn dé ìdodo. “Ó bá ẹ mu,” wọ́n ní.

Áà! Kóòtù wọn ṣì wà lọ́rùn mi. Mo bọ́ ọ bí olè tí ọwọ́ tẹ̀.

A jókòó. Mo sọ̀rọ̀ iná, mo sọ̀rọ̀ omi, mo bú àwọn tó kó ẹrẹ̀ gọ́tà sójú títì. Wọ́n ń fi “hùn” dá mi lóhùn. Pálọ̀ náà mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti to ìwé ilé àti fọ́tò sórí tábìlì, wọ́n kọ orúkọ ọmọbìnrin wọn tó wà ní Ìbàdàn sí wọn lára. Mo wá rántí bí mo ṣe máa ń fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù pé ikú yá ju ẹ̀sín, tí Bàbá á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa gbọ́ mi.

“Bàbá,” mo ní, ohùn mi ń gbọ̀n bíi tọmọ tó fọ́ àwo, “ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín ni?”

Fáànù ń yí.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á bínú. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á lé mi kúrò nílé. “Bẹ́ẹ̀ ni” yẹn ni mi ò múra sílẹ̀ fún. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá ilẹ̀kùn.

“Kí ni kí n ṣe, sà?”

“Má tíì lọ.”

Mi ò lọ. Mo pe ìyàwó mi, ó wọlé, kò bi wá ní nǹkan kan, ó gbé omi ògì kaná. Bàbá wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀: oorun ti dá lójú wọn, ilẹ̀ á mọ́, ara ò ní lè dìde, wọ́n sì ti gbà pé ẹrù lásán làwọn jẹ́ lọ́rùn ọmọ. A fóònù ọmọ náà, ó gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ò fi Bàbá sílẹ̀ láwọn nìkan títí ó fi dé. Lọ́jọ́ kejì, èmi, Bàbá àti ọmọ wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ní Mazamaza, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, mo fa fìlà bojú kí kọ́sítọ́mà kan má baà rí mi kó ní orí mi ti dàrú. Bàbá rí mi. “Télọ̀, ta ló ń ṣàìsàn nínú àwa méjèèjì?”

Dókítà tó gbà wá kéré sí àbúrò mi. Bó ṣe ń kọ̀wé, mo fi ọgbọ́n mi hàn án. “Dókítà, ikú ìyàwó ló fà á. Kì í ṣe àìsàn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin mélòó ni ìyàwó wọn ti kú ládùúgbò yín?”

Mo kà á, márùn-ún.

“Ṣé gbogbo wọn ló ń pín aṣọ wọn?”

“Rárá. Ó dáa, àìsàn ni.”

“Ó wà nínú fáìlì wọn níbí pé àìsàn yìí ti ń ṣe Bàbá láti ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì?”

Bàbá ló dáhùn. Wọ́n ní láràárọ̀ ni ìyàwó àwọn máa ń gbé oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ògì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí àwọn bá gbé e mì. Nígbà tó kú, ògì dáwọ́ dúró, oògùn tán, àwọn ò lọ gba òmíràn. Òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni àìsàn náà àti ikú ìyàwó, tí o bá fa ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e.

Bàbá ṣì wà, wọ́n ṣì ń lo oògùn, wọ́n ṣì ń lọ rí dókítà. Mi ò ní parọ́ pé gbogbo àárọ̀ ló fúyẹ́ fún wọn. Ọjọ́ mìíràn, wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi títí di ìrọ̀lẹ́, a ò ní sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Èmi náà ní tèmi tó ń jẹ mí lọ́kàn, pé bóyá èmi ni mo fi ẹnu ara mi gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé wọn. Lọ́jọ́ kan tí òjò há wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo olódo.

“Télọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé ilé mi kí o tó kanlẹ̀kùn. Èmi àti òun nìkan la jọ wà níbẹ̀. Ìgbà tí o dárúkọ ẹ̀, a di mẹ́ta.”